Ahọ́n Ni Adájọ́ Wáìnì

A kò dìde láti yin ìmutípara. Ẹni tí ń mu wáìnì níwọ̀ntúnwọ̀nsì ni a ń bá sọ̀rọ̀, kí ó má ṣe fi owó rẹ̀ ra orúkọ lásán.

Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1976, Steven Spurrier, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ta wáìnì ní Páríìsì, pe àwọn onímọ̀ Faransé mẹ́sàn-án láti tọ́ wáìnì wò láìmọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Nígbà tí a ṣírò máàkì, ti Kalifọ́níà ni ó gba ipò kìíní, nínú pupa àti nínú funfun, níwájú àwọn ìgò Faransé olókìkí.

Ní ọdún 1994 ẹ̀wẹ̀, Jean-Michel Boursiquot fi hàn pé púpọ̀ nínú àjàrà tí àwọn ará Ṣílè ń pè ní Merlot, Carménère ni, irú àjàrà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run ní Bordeaux. Wáìnì rẹ̀ kì í sábà wọ́n tó ti àwọn ọgbà Bordeaux olókìkí.

Òtítọ́ ni pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ṣùgbọ́n ahọ́n kì í tọ́ orúkọ wò. Nítorí náà, ẹ bo ìgò, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀.