Ta Ni Yóò Máa Sanwó Iná? Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé Ìkàwé Kékeré ní Ṣómólú àti Bàrígà

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n sọ bí a ṣe ń ná owó ilé ìkàwé kékeré, àti bí a ṣe ń tọ́jú ilé náà tí kò fi ní bàjẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kí a tó fi ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé lélẹ̀, kí a ti mọ ẹni tí yóò máa sanwó iná àti owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún kẹwàá.

Ọkùnrin olówó kan wà ní Amẹ́ríkà, Andrew Carnegie, ọmọ Scotland tó fi òwò irin di ọlọ́rọ̀. Láàárín 1883 sí 1929, owó rẹ̀ kọ́ ilé ìkàwé tó lé ní 2,500 káàkiri àgbáyé. Ilé tó kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yìn ín. Ní tèmi, májẹ̀mú tó máa ń bá ìlú dá kó tó yọwó ni mo fi ń yìn ín. Ìlú tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀, kó sì ṣèlérí pé lọ́dọọdún, òun yóò máa yọ ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá iye tí wọ́n fi kọ́ ilé náà, láti fi tọ́jú rẹ̀. Bí ilé bá gba mílíọ̀nù 50 náírà, mílíọ̀nù márùn-ún gbọ́dọ̀ máa wọlé fún un lọ́dún, ọdún dé, ọdún lọ. Ìlú tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀ kò ní rí kọ́bọ̀.

Owó àjọ Carnegie dé Èkó náà ní 1932, nígbà tí wọ́n dá Lagos Library sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá san owó ẹgbẹ́ ló ń kàwé níbẹ̀, àwọn òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ogun Hitler ti parí, ó ti di 1946, kí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó àti British Council tó dá èyí tí ará ìlú gbogbo lè wọ̀ sílẹ̀. Ní 1949, UNESCO gbé ìlànà kan jáde pé owó ìjọba ni kó máa gbé ilé ìkàwé gbogbogbò ró, kí òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sanwó kó tó wọlé. Ní 1953, Ìbàdàn wa níbí ni wọ́n ti ṣe àpérò lórí bí ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ìjọba Ẹkùn Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà gbọ́, wọ́n ṣòfin ilé ìkàwé tiwọn ní 1955. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí a ti mọ ohun tó yẹ ká ṣe.

Ẹ wá wo ohun tí a máa ń ṣe. Wọ́n á ta kánópì, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á kọ orúkọ alága sára òkúta. Nígbà tó bá fi máa di ọdún kejì, fáànù mẹ́ta ti dákẹ́. Lọ́dún kẹta wọ́n ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pa nítorí pé omi kò sí. Lọ́dún karùn-ún, àga tó fọ́ àti ìwé ìléwọ́ ìdìbò tó kù ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí owó kankan gbé nínú gbogbo èyí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìlà owó ìkọ́lé wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ìlà owó ìtọ́jú kò sí níbẹ̀. Ní ti orílẹ̀-èdè, àrùn yìí kan náà ló tún gbé aṣọ mìíràn wọ̀. Ní 2006 ni wọ́n gbé iṣẹ́ olú ilé National Library ní Àbújá fún agbaṣẹ́ṣe ní bílíọ̀nù 8.59 náírà, pé kó parí láàárín oṣù 22. Ní 2025, ilé náà kò tíì parí, débi pé ìyàwó ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, bẹ àwọn tó fẹ́ ṣe é lóore lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ kí wọ́n fi owó náà ránṣẹ́ síbẹ̀. Inú mi dùn sí ẹ̀bẹ̀ yẹn. Síbẹ̀, ilé ìkàwé tó ń dúró de ọjọ́ ìbí ènìyàn kó tó rówó kò tíì ní baba.

Ta ni baba ilé ìkàwé ní Ṣómólú? Àfikún Kẹrin nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, ibi ìsìnkú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò, iná òpópónà, àní títí dórí ìwé àṣẹ fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke. Wọ́n rántí ọmọlanke, wọn kò dárúkọ ilé ìkàwé. Àyè kan tó wà ni ibi tí òfin ti ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lè yan ohun àmúlò gbogbogbò mìíràn fún ìjọba ìbílẹ̀. Màá padà síbẹ̀.

Ti Bàrígà tún le díẹ̀ sí i. Ní 2003, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà, Èkó dá ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37 sílẹ̀, wọ́n sì yọ Bàrígà kúrò lára Ṣómólú. Ní oṣù Kejìlá 2004, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ètò náà bófin mu, àmọ́ kò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí Bàrígà kò fi sí nínú ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí Àbújá ń pín owó fún. Owó tó bá ti Àbújá wá ní orúkọ Ṣómólú ni ìlú méjèèjì jọ ń jẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ kan náà pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà. Bí àṣẹ yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, a óò mọ ẹni tí a óò bi léèrè.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká sọ pé yàrá ìkàwé kan ní fáànù mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 75 wáàtì, àti gílóòbù LED 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 12 wáàtì. Bí wọ́n bá ń tàn án fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, yóò jẹ yúnìtì bíi 186. Bí àdúgbò náà bá wà ní ìpele owó iná Band A, ká pe yúnìtì kan ní nǹkan bíi 209 náírà, iná oṣù kan pẹ̀lú owó VAT yóò tó nǹkan bíi 42,000 náírà. Iṣẹ́ kan náà lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń mu lítà epo kan ní wákàtí kan, ká pe lítà ní 900 náírà, yóò gba 187,200. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Ilé ìkàwé tó gbójú lé epo ti ń sun owó ìwé rẹ̀ lójoojúmọ́.

Sólà dára, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹni tó bá fún wa ní sólà láìsí ètò ìpààrọ̀ bátìrì ti fún wa ní ẹjọ́ ọdún márùn-ún sí i. Bátìrì tó gba mílíọ̀nù kan ààbọ̀, tí yóò lo ọdún márùn-ún, ti ń jẹ 25,000 náírà lóṣù láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Kí a máa yà á sọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta, ká tilẹ̀ fi owó oṣù tó kéré jù ní Èkó ṣírò, tó jẹ́ 85,000 náírà ní 2024, gba 255,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 322,000 lóṣù, 3,864,000 lọ́dún. Nínú mílíọ̀nù márùn-ún tí ìlànà Carnegie bá mú wá, 1,136,000 ló kù fún òrùlé, omi, ìwé ìròyìn, ọṣẹ ìfọlẹ̀ àti ìwé tuntun. Ó há, àmọ́ ó ṣeé ṣe.

Àwọn wo ló sì ń wá? Ẹni tó bá ti jókòó nínú ilé ìkàwé gbogbogbò wa rí mọ̀ pé ìwé ara wọn ni púpọ̀ nínú wọn gbé wá: akẹ́kọ̀ọ́ WAEC, ẹni tó ń múra JAMB, akọ̀wé tó ń ṣe ìdánwò ìgbéga. Yàrá kan ni ìdílé ọlọ́mọ márùn-ún ń gbé ní ọ̀pọ̀ ilé ní Bàrígà, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo, ìyá ń dín àkàrà lójúde. Àga, iná àti ìdákẹ́jẹ́ ni ọmọ náà wá wá. Nítorí náà, àga tó dúró dáadáa ṣáájú ẹgbẹ̀rún ìwé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Kí ilé ìkàwé yé máa ṣí ní aago mẹ́sàn-án kó tún ti tì ní aago mẹ́rin, nígbà tí ọmọ kò tíì jẹun tán lẹ́yìn iléèwé. Kó ṣí ní aago méjìlá ọ̀sán, kó tì ní mẹ́jọ alẹ́, kó sì ṣí lọ́jọ́ Sátidé. Wákàtí mẹ́jọ tí a fi ṣírò lẹ́ẹ̀kan náà ni, aago ló yí padà.

Òjò àti ikán ni ọ̀tá ilé ìkàwé létí ọ̀sà. Kí pẹpẹ ìwé jẹ́ ti irin, kó jìnnà sí ògiri díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí pẹpẹ ìsàlẹ̀ ga kúrò nílẹ̀ dáadáa nítorí àgbàrá. Kí wọ́n gun òrùlé wò nínú oṣù Kejì, kí òjò tó dé. Ìṣó kan tí wọ́n bá rọ́pò nígbà náà yóò gba pátákó àjà mẹ́rin là nínú oṣù Keje. Ìwé tó bá ti bu ní ìgbà òjò, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kíákíá, nítorí pé ó ń ran èyí tó kù. Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: ibi tí kò bá sí omi àti ilẹ̀kùn tó ń tì, ọmọbìnrin kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin atẹ̀wé Ṣómólú, ọ̀dọ̀ yín ni mo yà sí wàyí. Láti Ṣípéolú títí dé Bajúláyé, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord àti GTO yín ń dún látàárọ̀. Kàlẹ́ńdà ìjọ, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kà káàkiri Nàìjíríà, ọwọ́ yín ló ti ń jáde. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Òfin National Library ti 1970 ní kí àwọn tó ń gbé ìwé jáde fi ẹ̀dà mẹ́ta ìwé tuntun ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé náà. Kò sí òfin tó ní kí ẹyọ kan kù sí Ṣómólú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa ń fi bébà díẹ̀ kún iṣẹ́ nítorí ìbàjẹ́, ẹ̀dà díẹ̀ sì máa ń ṣẹ́kù. Bí ẹgbẹ́ yín bá gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn oníwèé, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń wọ ilé ìkàwé àdúgbò, ìwé ilẹ̀ wa yóò kún ibẹ̀ láìsí pé ìjọba ra ẹyọ kan. Àwọn tó ń di ìwé láàárín yín náà lè gba ìwé ìbéèrè WAEC tó ti fà ya lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n tún ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀. Láti Ìgbóbì dé CMS Grammar School, tó ti wà láti 1859, tó sì kó wá sí Bàrígà ní 1959, àwọn ọmọ yín ni yóò kà wọ́n.

Àwọn kan yóò ní kí a gba owó ìwọlé. Mo kọ̀ ọ́. Owó ìwọlé yẹn lè jẹ́ owó ọkọ̀ ọmọ mìíràn. Ẹ gba owó fọ́tókọ́pì, ẹ gba owó gbọ̀ngàn lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèpàdé, kí ẹ sì lẹ àkọsílẹ̀ owó mọ́ ògiri lóṣooṣù: iye tó wọlé, iye tó jáde, rìsíìtì mélòó. Kí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò máa yẹ ìwé owó wò pẹ̀lú akáwó káńsù. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé kò sí ìkòkò owó mìíràn tó wà fún wa. TETFund tó ń tún ilé ìkàwé ṣe ní Yunifásítì Èkó, tó fara kan Bàrígà ní Àkókà, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba nìkan ni òfin dá a sílẹ̀ fún. Ọmọ Bàrígà tó ń wo iná ibẹ̀ lálẹ́ kò ní ìpín nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣojú Ṣómólú Kìíní àti Ìkejì ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́. Àṣẹ tí Àfikún Kẹrin fún yín ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi í kọ ilé ìkàwé mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣí ilé ìkàwé tuntun láìjẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé náà ti wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin alága Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ má dúró de òfin yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí.