Owó Tí Báńkì Yọ Láìtọ́: Bí Mẹ̀kúnnù Ṣe Lè Gbà Á Padà ní Kóòtù Kékeré



Ẹni tí olè bá jí owó rẹ̀ gbé lóru a máa ké, àdúgbò a sì jí. Ṣùgbọ́n bí báńkì bá yọ náírà 50 níbi tí ó yẹ kí ó ti yọ 25, olówó kì í ké, nítorí pé owó náà kéré, ilé báńkì sì ga. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ ké, kò mọ ẹni tí yóò ké sí.

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí irú owó kéékèèké bẹ́ẹ̀, àti lórí kóòtù tí ìjọba dá sílẹ̀ fún gbèsè kéékèèké. Ìlú Òyìnbó ni àpẹẹrẹ tí ó yéni jù ti wá, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti pe báńkì lẹ́jọ́ láàárín ọdún 2006 sí ọdún 2009. Wọ́n kọ́kọ́ borí. Lẹ́yìn náà ni báńkì wá borí wọn. Ó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà mọ ohun tí ó fa ìṣẹ́gun náà àti ohun tí ó fa ìpàdánù náà, kí ó tó gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí owó bá wà nínú àkántì rẹ̀ kì í sábà san ohunkóhun fún báńkì nítorí ìtọ́jú owó náà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ ní ilé oníṣòwò; ẹnìkan ní láti san án. Ẹni tí ń san án ni ẹni tí owó rẹ̀ tán kí oṣù tó parí.

Ẹ fi ojú inú wo ìyá Yorùbá kan tí ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ilé rẹ̀ sì wà ní Peckham. Pọ́n-ùn 8 ni ó kù nínú àkántì rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ sì di ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ajé, iléeṣẹ́ tẹlifóònù béèrè pọ́n-ùn 20 lọ́wọ́ báńkì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Báńkì kọ̀, kò san án. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó kọ̀, ó yọ pọ́n-ùn 35. Àkántì ìyá náà ti wọ gbèsè pọ́n-ùn 27. Ní Ọjọ́rú, oníná mànàmáná dé. Báńkì tún kọ̀, ó tún yọ pọ́n-ùn 35. Nígbà tí owó oṣù yóò fi wọlé, pọ́n-ùn 70 ni báńkì ti gbà lórí iṣẹ́ tí kò ṣe, onítẹlifóònù àti oníná mànàmáná kò sì tíì rí kọ́bọ̀ gbà.

Àpèjúwe ni ìyá yìí, ṣùgbọ́n iye owó náà kì í ṣe àsọdùn. Owó tí ó lé ní pọ́n-ùn 30 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wọ́pọ̀ nígbà náà. Gẹ́gẹ́ bí ìwádìí Office of Fair Trading, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò nígbà náà, nǹkan bí bílíọ́nù 2.6 pọ́n-ùn ni àwọn báńkì rí nídìí irú owó bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006 nìkan. Owó tálákà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀fẹ́ fún olówó.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn di òfin mú. Òfin àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé ẹjọ́ là sílẹ̀ kedere nínú ẹjọ́ Dunlop ní ọdún 1915, sọ pé bí ẹnìkan bá yẹ àdéhùn, owó tí àdéhùn náà ní kí ó san kò gbọdọ̀ jẹ́ ìyà tí a fi ń dẹ́rù bà á; ó gbọdọ̀ bá àdánù tí a lè retí mu. Ìlànà kan tí ó jáde ní ọdún 1999 tún fi kún un pé àdéhùn tí oníṣòwò dá kọ fúnra rẹ̀, tí ó sì fi rẹ́ oníbàárà jẹ, kò lè de oníbàárà náà. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin ọdún 2006, Office of Fair Trading kéde pé bí àwọn tí ń fi káàdì yáni lówó bá gba owó ìtanràn tí ó ju pọ́n-ùn 12 lọ, òun yóò kà á sí àìtọ́. Àwọn ènìyàn bá béèrè pé: bí pọ́n-ùn 12 bá tó fún oníkáàdì, kí ni báńkì fẹ́ fi 35 ṣe?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kò nira. Wọ́n kọ lẹ́tà sí báńkì, wọ́n fi pọ́n-ùn 10 sí i, wọ́n sì béèrè fún àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí báńkì ti yọ lọ́wọ́ wọn. Òfin ọdún 1998 lórí àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn fún báńkì ní 40 ọjọ́ péré láti fèsì. Nígbà tí àkọsílẹ̀ bá dé, wọn a jókòó ti tábìlì ilé ìdáná, wọn a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nítorí pé ibi tí òfin jẹ́ kí wọ́n padà dé nìyẹn. Ẹlòmíràn tí ó rò pé pọ́n-ùn 200 ni yóò já sí a rí i pé ó lé ní 2,000. Wọn a tún lẹ́tà kọ láti béèrè owó náà. Bí báńkì bá kọ̀, wọn a fi ẹjọ́ sùn ní ẹ̀ka ẹjọ́ kékeré, níbi tí a ti ń gba ẹ̀sùn owó tí kò ju pọ́n-ùn 5,000 lọ nígbà náà, wọn a sì fi èlé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún kún un.

Ẹ̀ka ẹjọ́ kékeré yìí yẹ ní ohun tí à ń fi ara balẹ̀ wò. Kò sí ẹni tí ń dé irun onírun níbẹ̀. Adájọ́ jókòó sí ìdí tábìlì, olùpẹ̀jọ́ jókòó níwájú rẹ̀, ó fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé, bí olùpẹ̀jọ́ bá tilẹ̀ pàdánù, kì í sábà san owó agbẹjọ́rò ẹnìkejì rẹ̀. Ìbẹ̀rù owó agbẹjọ́rò ni ó máa ń pa tálákà lẹ́nu mọ́ ní ibi gbogbo láyé. Bí a bá mú ìbẹ̀rù yẹn kúrò, ẹnu rẹ̀ á là.

Báńkì kò sì dúró rojọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó ku ọ̀la kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń san owó náà. Nígbà mìíràn, ẹnu ọ̀nà kóòtù gan-an ni. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí adájọ́ bá ti lè bi wọ́n léèrè pé, “Èló ni ó ná yín láti tẹ lẹ́tà tí ẹ fi kọ̀ láti san owó yìí?” wọn yóò ní láti ṣí ìwé ìṣirò wọn sílẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Ó sàn fún wọn kí wọ́n san ti ẹnìkan ju kí wọ́n dáhùn fún gbogbo ènìyàn.

Ibi tí ìṣẹ́gun náà ti ní àbùkù gan-an nìyẹn. Ẹni tí a san owó fún lẹ́nu ọ̀nà kóòtù kò gba ìdájọ́ kankan. Kò sí adájọ́ àgbà kan tí ó tíì sọ pé owó náà kò tọ́.

Ní oṣù keje ọdún 2007, Office of Fair Trading àti ilé owó mẹ́jọ, Abbey National, Barclays, HSBC àti Lloyds TSB wà lára wọn, fohùn ṣọ̀kan láti lọ sí Kóòtù Gíga pẹ̀lú ẹjọ́ kan ṣoṣo tí yóò là ọ̀nà fún gbogbo ìyókù. Wọ́n dá àwọn ẹjọ́ kékeré dúró káàkiri ilẹ̀ náà, àwọn ènìyàn sì ń retí. Kóòtù Gíga sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2008 pé a lè fi òṣùwọ̀n òtítọ́ wọn owó náà. Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn sọ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2009. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún náà, adájọ́ márùn-ún ti Kóòtù tí ó Ga Jù, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kan ṣáájú, fohùn ṣọ̀kan pé báńkì ni ó jàre.

Ẹ fetí sí ìdí rẹ̀ dáadáa. Àwọn adájọ́ náà kò sọ pé owó náà tọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó jẹ́ ara iye tí àwọn oníbàárà ń san fún gbogbo iṣẹ́ tí báńkì ń ṣe fún wọn, àti pé ìlànà ọdún 1999 kò fún kóòtù láyè láti wọn iye ọjà kan mọ́ ọjà náà. Lord Walker, ọ̀kan nínú wọn, tilẹ̀ sọ pé ilé aṣòfin lè fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n dá dúró kú síbẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni ìlànà tuntun tó fi òpin sí owó ìtanràn olówó pọ́ọ́kú yẹn. Báńkì náà kò sì ṣe àánú: ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé èlé lórí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sí nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ̀ wá sílé. Ní Nàìjíríà, ìbéèrè tí ó wà níwájú olùpẹ̀jọ́ yàtọ̀, ó sì rọrùn ju ti Peckham lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, báńkì ni ó ń dá iye lé owó náà, oníbàárà sì ní láti jẹ́rìí sí i pé iye náà kò tọ́. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, Báńkì Àpapọ̀ ni ó ń gbé ìwé ìlànà jáde tí ó sọ iye tí báńkì lè gbà. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020 sọ pé owó tí a bá fi ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn, bí kò bá kọjá náírà 5,000, náírà 10 ni kí wọ́n yọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò kọjá 50,000, náírà 25. Bí ó bá tún ju ìyẹn lọ, náírà 50. Bí a bá fi owó orí ọjà kún un, 25 á di náírà 26.88, 50 á sì di 53.75. Owó COT tí wọ́n ń yọ lórí àkántì oníṣòwò náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọdún 2016.

Nítorí náà, olùpẹ̀jọ́ kò ní láti bi adájọ́ léèrè bí owó náà bá tọ́ tàbí kò tọ́. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: èló ni Báńkì Àpapọ̀ ní kí wọ́n gbà, èló ni wọ́n sì gbà? Ìṣirò ni ìyókù. Kí ó ṣáà rí i pé ìlànà tí ó wà lójú iṣẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n yọ owó náà ni òun mú lọ́wọ́, nítorí pé Báńkì Àpapọ̀ a máa yí i padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni ó yí ti ẹ̀rọ ATM.

Kí ó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí báńkì fúnra rẹ̀, kí ó sì gba àmì pé wọ́n rí i gbà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí àtúnṣe, ẹ̀ka tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀ wà fún un láti ọdún 2012. Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá kóòtù gbèsè kékeré sílẹ̀ ní ọdún 2018 lábẹ́ àwọn májísíréètì, fún owó tí kò ju mílíọ́nù 5 náírà lọ. Kánò náà ní tirẹ̀. Ti Èkó béèrè pé kí olùpẹ̀jọ́ ti kọ́kọ́ fi ìwé béèrè owó rẹ̀, kí ó sì mọ iye rẹ̀ ní pàtó. Kò pọn dandan kí ó gba agbẹjọ́rò, 60 ọjọ́ sì ni wọ́n fẹ́ kí ẹjọ́ fi parí. Agbẹjọ́rò báńkì lè dìde pé ọ̀rọ̀ báńkì kì í ṣe ti kóòtù kékeré, kí ó sì nawọ́ sí abala 251 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999. Kí olùpẹ̀jọ́ ka abala náà dé òpin: ó yọ aáwọ̀ tí ó wà láàárín báńkì àti oníbàárà rẹ̀ sọ́tọ̀.

Iṣẹ́ àwọn aṣòfin tí ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ ni láti béèrè, ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìjọba ìbílẹ̀ wo ni irú kóòtù yìí kò tíì dé, àti èwo ni ó dé lórúkọ nìkan tí kò ní adájọ́. Ìyá tí ó ní láti san owó ọkọ̀ ju gbèsè tí ó ń wá lọ kò ní kóòtù kankan.

Kí ó tó di ìgbà náà, kí oníṣòwò gba àkọsílẹ̀ àkántì rẹ̀ ní báńkì lóṣooṣù, kí ó sì fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ ibikíbi tí ó bá ti rí 53.75 níbi tí ó yẹ kí 26.88 wà. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí nígbà 40 lóṣù, náírà 12,900 ni ó ti lọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọdún tó yí po.