Ààtàn Kì í Kọ Ilẹ̀kílẹ̀, Ṣùgbọ́n Àwa Lè Kọ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́)

  

Ọ̀rọ̀ pàǹtí la fẹ́ bá ara wa sọ lónìí. Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọdún 2023, nítorí ìdọ̀tí ni ìjọba Èkó ṣe ti ọjà Ládìpọ̀ àti ọjà Máìlì 12 pa fún ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n bá ti ọjà, tòmátì ò mọ̀ o, ńṣe ni yóò máa rà lọ.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba kéde pé àwọn fòfin de ike funfun fúkẹ́fúkẹ́ tí a fi ń bu oúnjẹ fún oníbàárà. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2025, òfin kan ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò nípọn tó 40 máíkírọ́ọ̀nù, àti ife àti ṣíbí ike àlòsọnù. Ẹ bi ẹni tó ń ta ọ̀rá fún yín dáadáa kí ẹ tó sanwó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ la fi ń lò ó, kì í sì í jẹrà. Ojú gọ́tà ló ń lọ. Òjò á dé, omi á wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọjà ta ló ń tutù? Tiwa náà ni.

Àwọn kan á ní, "Ẹni tó ń ṣe ọ̀rá nílé iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé àwa nìkan ni wọ́n rí bá wí?" Ìbéèrè gidi ni, a ò sì ní dákẹ́ lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìdáhùn tó dé, ẹ jẹ́ ká tún iwájú ìsọ̀ wa ṣe.

Ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Ọdún 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da pàǹtí sí Olúsòsún ní Ọjọ́tà. Nígbà tó gbiná ní oṣù kẹta ọdún 2018, èéfín bo àdúgbò. Ohun tó bá ṣì wúlò, àwa ni ká má jẹ̀ẹ́ kó débẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ìyá ẹlẹ́pà kì í sọ ìgò nù, ńṣe ló ń fọ̀ ọ́, tó ń tún un lò. Kẹ́ẹ̀gì kan náà ni elépo fi ń ra epo lọ ra epo bọ̀. Ewé la fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín kí ọ̀rá tó dé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àpò mẹ́ta wà ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Páálí sí ọ̀kan, kí omi má kàn án, torí páálí tó bá tutù ò lówó lórí. Ike àti agolo sí èkejì. Èèpo, ewé àti ata tó ti rà sí ẹ̀kẹta. Àwọn tó ń ra páálí àti ike ń wọ ọjà kiri. Owó ẹ̀ lè má pọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ má fi ọ̀rá sínú ọ̀rá fún oníbàárà mọ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa mú àpò wá láti ilé.

Kí ẹni tó gbọ́ sọ fún ẹni tí kò wá. Ọjà wa ò ní tì o. Ire o.