Àgbàlagbà Méjì Nínú Kíláàsì Kan

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn olùkọ́ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ sọ ní Rumuokwurushi, Port Harcourt

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ẹyọ kan lọ: bí àgbàlagbà méjì bá wà nínú kíláàsì kan tí ohùn wọn kò ṣọ̀kan, ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.

Kí ẹni méjì jọ gbé iṣẹ́ ìkọ́ni kì í ṣe nǹkan tuntun láàrin wa. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́, tí kò tó 500,000 ní ọdún tó ṣáájú, fò sókè kọjá 800,000. Àwọn olùkọ́ tó ti gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò kárí. A ní láti gba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò tíì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Bákan náà ni ọdún 2016, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ètò N-Power sílẹ̀. Ó rán àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, pẹ̀lú N30,000 lóṣù, ó sì sọ ọ́ gbangba pé wọn kò wá gba ipò olùkọ́. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n wá ṣe. Ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni pẹ̀lú, gbogbo yín ni ẹ mọ àwọn tí à ń pè ní àǹtí tàbí nánì.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Ká ní ọmọ ọdún márùn-ún kan wà tí kì í dáhùn bí olùkọ́ bá pè é láti ẹ̀yìn. Olùkọ́ kà á sí olóríkunkun. Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń mú un lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti ṣàkíyèsí pé ẹnu ẹni ni ọmọ náà máa ń wò kí ó tó mọ ohun tí à ń sọ. Ọmọ náà kò gbọ́ràn dáadáa. Bí olùrànlọ́wọ́ yìí bá ti mọ̀ pé "Ta ló bi ọ́?" ni èsì tí òun yóò gbà, yóò pa ẹnu mọ́, ọmọ náà yóò sì máa jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, pàṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ra, kí ó sì ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó gba ẹ̀kọ́ nípa wọn. Ṣùgbọ́n kí òfin tó lè ran ọmọ lọ́wọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i, kí a sì gba ọ̀rọ̀ ẹni náà gbọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní ìlú tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ sí i. Ilẹ̀ Ikwerre ni Rumuokwurushi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń sọ Yorùbá níbí sì jẹ́ àlejò. Nígbà mìíràn, olùkọ́ ni àlejò, olùrànlọ́wọ́ sì ni ọmọ onílẹ̀. Òun ló gbọ́ èdè tí ọmọ kékeré fi ń sunkún. Òun ni yóò fi pijin tàbí Ikwerre ṣàlàyé fún ìyá ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ tó bá fojú tín-ín-rín irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Èyí kò sọ pé kò sí aṣáájú. Láti ìgbà tí òfin 31 ti ọdún 1993 ti dá àjọ TRCN sílẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ ti di iṣẹ́ tí a ń forúkọ ẹni sílẹ̀ fún. Olùkọ́ ni yóò dáhùn fún ohun tí a kọ́ àwọn ọmọ. Nítorí náà, olùrànlọ́wọ́ kò gbọdọ̀ yí àṣẹ olùkọ́ padà lójú àwọn ọmọ, kò sì gbọdọ̀ máa gbé ọ̀rọ̀ kíláàsì lọ fún òbí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó sọ ọ́ fún olùkọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wà nínú ewu, kí ó sọ fún olórí ilé-ẹ̀kọ́ lójú ẹsẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Èkíní, kí àwọn méjèèjì jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní òwúrọ̀ kí aago tó lù. Ta ni yóò jókòó ti àwọn tí kò tíì mọ álífábẹ́ẹ̀tì? Ta ni yóò máa wo ẹnu ọ̀nà? Èkejì, kí òfin kíláàsì jẹ́ ọ̀kan, nítorí ọmọ tí ẹnì kan sọ fún pé "rárá" yóò sáré lọ bá ẹnì kejì. Ẹ̀kẹta, kí ìbáwí láàrin àgbàlagbà dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Ẹ̀kẹrin, iṣẹ́ kíláàsì ni a gba olùrànlọ́wọ́ fún. A kò gbà á láti máa lọ ra oúnjẹ olùkọ́ tàbí láti fọ ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin olórí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kọ iṣẹ́ ẹni kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún un ní ọjọ́ tí ẹ bá gbà á, kí ẹ sì san owó rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ dá. Ẹni tí ebi ń pa kò lè fi sùúrù tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ.

Abala 23 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ka iyì iṣẹ́ mọ́ àwọn ìwà ọmọlúàbí tó yẹ kí orílẹ̀-èdè wa máa hù. A lè kọ ọ́ sára pátákó, kí àwọn ọmọ há a sórí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbọ́ tí olùkọ́ ń jágbe mọ́ olùrànlọ́wọ́ nítorí omi tó dà sílẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn: pé ẹni tó ń nu ilẹ̀ kò níyì. Ẹ̀kọ́ yẹn kì í sì í tètè kúrò lọ́kàn.

Ẹ̀yin olùkọ́, kí aago tó lù lọ́la, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnì kejì yín: "Ọmọ wo ni ẹ ti ṣàkíyèsí nǹkan lára rẹ̀ tí èmi kò tíì rí?" Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́ èsì.