PÁPÁ ỌKỌ̀ ÒFURUFÚ LẸ́KÍ: TA NI YÓÒ GBOWÓ ILẸ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí olùṣètò ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará Ajah sọ)

Ọ̀rọ̀ pápá ọkọ̀ òfurufú tí ìjọba Èkó ti ń pariwo láti 2011 pé òun yóò kọ́ sí ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ló gbé mi dé.

Ẹ wo ti Ìkẹjà ná. Àsìkò Ogun Hitler ni wọ́n la pápá yẹn. Ogun parí ní 1945, ṣé ilẹ̀ padà sọ́wọ́ àgbẹ̀? Rárá o! Àwọn èrò wọlé, ológun náà ò jáde. 1979 ni wọ́n ṣí ilé ńlá Murtala Muhammed, síbẹ̀ àgọ́ ológun òfurufú, Sam Ethnan, ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ní September 26, 1992, ọkọ̀ ológun C-130 gbéra níbẹ̀, kò pẹ́ tó já lulẹ̀ l'Éjìgbò. Àwọn ológun tó lé ní 150 ló bá a lọ. Ká ní orí ilé yín ló já sí ńkọ́?

Tiwa ló kàn báyìí. Hẹ́kítà 3,500 ni wọ́n ní àwọn fẹ́. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà: owó irè oko àti owó ilé ni wọn yóò san, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ ń lọ lọ́jà. (Ẹni tó bá ti ra pulọ́ọ̀tì kan l'Ájah mọ ìyàtọ̀ rẹ̀!) Àwọn ará Màrókó tí wọ́n lé ní July 1990 wà ní Ìlasàn níbí, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ẹgbẹ́ wa ò ní kí wọ́n má kọ́ pápá o. Kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn onílẹ̀ síta, kí owó dé ọwọ́ wọn kí katapílà tó dé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ológun yóò bá wa lò ó. Ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò, ẹ ní kó fọwọ́ sí i lójú yín.