Ìwé Ìdógò Ilé: Kà Á Tán Kó O Tó Tọwọ́ Bọ̀ Ọ́

Ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo kì í tán lẹ́nu àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Nàìjíríà. Ajilo fi ilé dógò fún bánkì náà. Nígbà tí wọn ò san gbèsè ọ̀hún, bánkì fẹ́ lu ilé náà ní gbàǹjo. Onílé gba kóòtù lọ, ó ní ìwé ìdógò náà kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ nítorí pé gómìnà kò fọwọ́ sí i. Lọ́dún 1989, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a láre.

Abala 22 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ni wọ́n tẹ̀ lé: ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ lábẹ́ òfin náà kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ ọ̀hún dógò láìgba àṣẹ gómìnà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn ṣe ọgbọ́n àìsan gbèsè o. Lọ́dún 1996, nínú ẹjọ́ Ugochukwu àti Co-operative and Commerce Bank, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé onílé ló ni ojúṣe láti gba àṣẹ ọ̀hún, kò sì lè jèrè àṣìṣe ara rẹ̀.

Èlé ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò dáadáa. Ká ní ẹnì kan yá ₦10 mílíọ̀nù láti fi kọ́ ilé àyágbé, kó sì san án fún ogún ọdún, kí èlé jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Yóò máa san nǹkan bí ₦209,800 lóṣooṣù. Nínú owó oṣù àkọ́kọ́, ₦208,333 ni èlé gbé lọ. Nǹkan bí ₦1,490 péré ló kúrò nínú ojú owó. Kó tó parí, ó ti san ju ₦50 mílíọ̀nù lọ. Owó National Housing Fund tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 dẹrùn ju èyí lọ fíìfíì, àmọ́ ilé tí ẹni tó yáwó máa gbé ni wọ́n ń torí rẹ̀ yáni.

Oṣooṣù ni bánkì ń gbowó. Ọdọọdún ni ayálégbé ń san tiẹ̀. Ní Èkó, yàtọ̀ sí àwọn àdúgbò bí Ìkòyí àti Victoria Island, Òfin Ayálégbé ti 2011 kò jẹ́ kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ń gbójú lé owó ọdún méjì láti fi san gbèsè ti ṣìṣirò.

Bí ọwọ́ bá wá wọ́ ńkọ́? Òfin ohun ìní tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ṣe lọ́dún 1959 ní kí bánkì kọ̀wé béèrè owó rẹ̀, kí oṣù mẹ́ta sì kọjá, tàbí kí èlé ti wà nílẹ̀ láìsan fún oṣù méjì, kó tó lè ta ilé tó wà ní ìdógò. Bẹ́ẹ̀, òfin yìí kan náà gba bánkì láyè láti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun kò ní dúró tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́, tí onígbèsè sì ń fọwọ́ sí i láìkà á.

Àwọn ẹ̀tọ́ kan ṣì wà síbẹ̀. Bí bánkì kò bá tíì tà á, onílé lè san gbèsè tòun tèlé kó gba ilé rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá sì tà á, lẹ́yìn tí bánkì bá ti yọ gbèsè, èlé àti owó ìnáwó, èyí tó bá ṣẹ́kù, onílé ló ni ín.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ gbé ìwé àdéhùn náà fún agbẹjọ́rò tiyín, kì í ṣe ti bánkì, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ ní kó fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bánkì lè fowó kún èlé, àti iye ọjọ́ tí wọn yóò fún yín kí wọ́n tó tà á.