Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Béèrè



Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí kì í sọ̀rọ̀. Mo rò pé kò mọ nǹkan. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, mo gbọ́ ọ tó ń gberin láìṣe àṣìṣe kan. Ojú tì mí. Faransé ló dì í lẹ́nu.

Inú ìwé kọ́ la ti kọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2008. À ń wò, à ń béèrè, à ń ṣe é. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ mi ń kọ́kọ́ fi Yorùbá jíròrò kí wọ́n tó fi Faransé kọ̀wé. Ọmọ yẹn ti ń béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, ẹ bi í pé: “Kí lo béèrè lónìí?” Abèèrè kì í ṣìnà.